Màmá Rà-á-Padà, Ẹni Tó Ra Olè ní Ìbàfò

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàfò lónìí, tí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti pẹ́ níbẹ̀ pé ta ni Màmá Rà-á-Padà, kó tó dá yín lóhùn, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á ní, "Ẹ̀ẹ́n, ìyá tó ra olè."

Òótọ́ ni. Tíṣà Ọmọlabí ra olè. Ọ̀sán gangan ló rà á, lẹ́bàá márosẹ̀, lójú gbogbo èrò.

Àdìó ni olè náà ń jẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ebi ti pa títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wọnú. Sílíńdà gáàsì Nùsírátù tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló jí gbé. Ó gbé e lé èjìká, ó fi eré sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ru sílíńdà tó kún kò lè sáré jìnnà. Àwọn ọlọ́kadà mú un. Láìpẹ́, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú, ẹnìkan ti yí táyà wá, ẹlòmíràn sì ń pariwo pé kí wọ́n bu pẹtiróò wá kíá.

Ibẹ̀ ni Tíṣà Ọmọlabí dé sí. Iṣu ló lọ rà, agbòjò wà lọ́wọ́ rẹ̀, jígí ojú rẹ̀ wà ní orí imú. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó fi agbòjò la ọ̀nà láàárín èrò títí ó fi dé iwájú. Ó wo olè. Ó wo táyà. Ó wá bi wọ́n ní ohùn tó fi ń bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀:

"Èló ni?"

Ọlọ́kadà kan ní, "Màmá, èló ni kí ni?"

"Ọmọkùnrin yìí. Mo fẹ́ rà á. Ta ló ni ín?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni olè. Níkẹyìn, wọ́n ti Nùsírátù síwájú, nítorí òun ló ni sílíńdà. Inú ṣì ń bí Nùsírátù. Ó ní, "Màmá, ẹ má dá sí i! Ẹ̀mí ẹ̀ ò tó gáàsì mi!"

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Màá fún ọ ní jẹnẹrétọ̀ mi."

Ẹnu ya Nùsírátù. Jẹnẹrétọ̀ tuntun ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ó yára ní, "Mo gbà, Màmá."

"O ò gbọdọ̀ gbà! Ó kéré. Ṣé ewúrẹ́ ni mò ń rà ni? Jẹ́ n fi àga ìrọ̀gbọ̀kú mi kún un."

"Màmá, jẹnẹrétọ̀ ti tó."

"Kò tó! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ta ọmọ èèyàn nìyẹn? Fíríìjì ńkọ́?"

Ìbàfò kò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń rà ló ń bu owó lé e, ẹni tó ń tà ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kó dín in kù. Bí Nùsírátù ṣe ń sọ pé ó ti tó ni Tíṣà ń kó ilé rẹ̀ dà sílẹ̀ lójú títì: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, ìkòkò ọbẹ̀, aago ara ògiri tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ibi aago yìí ni ẹni tó mú táyà lọ́wọ́ ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo èrò fi ń di ikùn mú. Ó sì ṣòro kí èèyàn máa rẹ́rìn-ín kó tún máa dáná sun ọmọnìkejì rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú un lọ. Ẹ lè lọ fi ilé kún un o!"

Tíṣà fi agbòjò gbún Àdìó ní ìhà. "Dìde. Mo ti rà ọ́. Gbé iṣu mi."

Ìkìrun ni wọ́n bí Ọmọlabí sí. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tí òun náà sì fẹ̀yìntì, ó kó wá sí Ìbàfò, sínú ilé kékeré tí ọkọ náà kọ́ kù díẹ̀ kó parí. Kò bímọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti kọ́ rí ni ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá sì pè é lórí fóònù láti kí i, á kọ́kọ́ tún Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn ṣe kó tó sọ pé ara òun le.

Ìwé kan ló sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀ ọ́n sí. Ewì ló wà nínú rẹ̀, ewì àwọn àlùfáà àti onígbàgbọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti tó irinwó ọdún tí wọ́n ti kú, láyé ìgbà tí ọba wọn ṣì ń bẹ́ orí èèyàn. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló fẹ́ dáná sun ìwé náà nítorí ikán ti wọ inú rẹ̀, òun ló gbà á sílẹ̀. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé. Ìsàlẹ̀ ọ̀hún sì ni Ọlọ́run ti máa ń dáhùn.

Nítorí náà, nínú ìwé Tíṣà, ọmọ èèyàn á ké, á ṣàròyé, á bá Ọlọ́run jà, á ní kí ló dé tí O fi pa mí tì, á wá ku ibi tí ikán jẹ. Tíṣà kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Bó bá ń kà á fún èèyàn, tó bá kan ibi ikán, á ṣí ojú kúrò lórí ìwé, á sì fún Ọlọ́run ní ọ̀rọ̀ sọ látinú ọpọlọ ara rẹ̀. Báyìí ni Ọlọ́run àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìkìrun.

Ohun kan ló mú un lọ́kàn jù nínú àwọn ewì náà: ìràpadà. Kò sí èyí tí kò sọ ọ́ nínú àwọn akéwì wọ̀nyẹn. Ó máa ń sọ fún Nùsírátù, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn, pé, "Ohun tó ya àwọn èèyàn yìí lẹ́nu ni pé ẹni tó rà wọ́n rí i pé ọjà náà ti bàjẹ́, kò sì ná an."

Nùsírátù, tó jẹ́ pé ó mọ ọjà, kò gbà. "Màmá, ta ni á rí ẹ̀wà tó ti rà tí kò ní ná an?"

Tíṣà fò sókè lórí ìjókòó. "Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ̀wà tó ti rà."

"Rà! Ó ti rà, wọ́n sì rà á! Nùsírátù, ohun tó ti rà ni Olúwa rà!" Ó ń jó yíká àgbàlá. "Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí gbìyànjú, ṣùgbọ́n èdè wọn ò ràn wọ́n lọ́wọ́!"

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó ra olè ló gbé e lọ sílé Nùsírátù, pẹ̀lú àga ìrọ̀gbọ̀kú. Nùsírátù ti fara balẹ̀ nígbà yẹn, ojú sì ń tì í. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbé e padà. Inú ló bí mi. Mo ti gba sílíńdà mi."

"O fẹ́ kí ọmọ náà di ohun tí mo jí gbé? Gbà á!"

Nùsírátù gba méjèèjì, ó sì bá a jà kí ó má baà gbé fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti lọ nírọ̀lẹ́, Tíṣà á jókòó sínú òkùnkùn ní tirẹ̀, á máa gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ ara rẹ̀ lódì kejì ògiri. Nùsírátù kò lè fara dà á. Ó ju wáyà gba orí ògiri pé kí Màmá fi tan iná. Tíṣà ká wáyà náà dáadáa, ó jù ú padà. "Ohun tí mo bá ti san, mo ti san án!" Ó tún ní, "Ó sì yẹ kí o pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń húkọ́."

Àdìó ní tirẹ̀ kò lọ. Tíṣà fún un ní oúnjẹ, ó fi omi gbígbóná wẹ ojú rẹ̀, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí Tíṣà tún yọjú, ó ṣì wà níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò lọ?"

"Màmá, ẹ ti rà mí. Ta ni ẹ rà mí fún?"

Tíṣà ronú. Nínú gbogbo ewì tó ti kà, kò sí ọjà kan tó yí ojú padà bi olówó rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí. Ó ní, "Fún ara rẹ, òmùgọ̀."

Àdìó mi orí. "Mi ò mọ nǹkan tí màá fi ara mi ṣe, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó wọlé, ó wọ bàtà, ó mú Àdìó, ó di Mowé, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń lẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé kí ó gbà á sí iṣẹ́. Ọ̀gá náà bèèrè pé kí ni ọmọ yìí jẹ́ sí i. Ó ní, "Mo rà á." Ọ̀gá rò pé òwe ló ń pa.

Nínú ìjọ, Pásítọ̀ Jésùtófúnmi ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni Pásítọ̀, ohùn rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ máa ń bá a mu, ó sì mọ ìwàásù ṣe. Ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì kan, ó ń ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni iye tí wọ́n fi rà wá padà. Gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Tíṣà na ọwọ́ sókè.

"Pásítọ̀, ta ni wọ́n san án fún?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá?"

"Bí wọ́n bá ra nǹkan, ẹnìkan ló ń gba owó. Ta ló gbà á?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àh, Sàtánì ni, mà. Abẹ́ àṣẹ rẹ̀ la wà."

"Ó dára. Ta ló kọ́kọ́ ni wá?"

"Ọlọ́run ni, mà."

"Ọlọ́run ló ni wá, ó wá lọ san iye fún Sàtánì kó tó gba ohun ìní ara rẹ̀?" Tíṣà yọ jígí ojú rẹ̀. "Ṣé Sàtánì wá di ọmọ onílẹ̀ ni?"

Ìjọ náà dàrú. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ní ilé ní Ìbàfò tàbí Mowé tí kò tíì san owó ilẹ̀ kan náà fún ìdílé méjì. Bàbá kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Òótọ́ ni, Màmá! Wọ́n ṣe é fún mi!" Ìyá kan ní tòun, wọ́n tún wá gba owó ìpìlẹ̀. Pásítọ̀ gbé ohùn sókè, ó sọ pé kí wọ́n kọrin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Pásítọ̀ kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó wá sílé Tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó. "Màmá, àwọn akéwì yín yẹn, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò gbà fún ara wọn. Ọ̀kan ní iye ni wọ́n san. Ọ̀kan ní ogun ni wọ́n jà. Òmíràn ní ìfẹ́ ni, pé ẹni tó ń fẹ́ni kì í bèèrè ẹni tó gba owó."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ gbà?"

"Mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ni ikán ti jẹ ẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. "Màmá, èmi náà ò mọ̀."

Tíṣà dìde, ó dì mọ́ ọn bí ọmọ. "Látọjọ́ tí mo ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ," ó ní, "òní lo wàásù."

Bó ṣe ń yọ Pásítọ̀ lẹ́nu náà ló ń yọ Nùsírátù lẹ́nu. Nígbà ọdún Iléyá, wọ́n so àgbò mọ́ igi lẹ́yìnkùlé Nùsírátù. Tíṣà gbé àpótí lọ síwájú àgbò náà, ó jókòó, ó ń wò ó. Nùsírátù ṣàlàyé fún un bí Ọlọ́run ṣe pèsè àgbò dípò ọmọ Ànábì Ibrahim, bí ẹnì kan tí ń sọ ohun tí kò ní iyàn nínú.

"Mo mọ̀ ọ́n, ó wà nínú Bíbélì náà. Ohun tí mò ń rò ni pé, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ta ló bi àgbò léèrè?"

"Màmá, àgbò ni!"

"Ẹ̀ẹ́n. Jésù náà, àgùntàn ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n òun, wọ́n bi í, ó sì ní òun máa lọ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn akéwì mi sùn." Ó fi ọwọ́ pa àgbò lórí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Lọ́dún náà, Nùsírátù kò lè fi ọkàn kan jẹ ẹran tirẹ̀.

Ìwà kan wà lára Tíṣà tí kò bá gbogbo ìwàásù yìí mu. Òun tó lè kó ilé dà sílẹ̀ nítorí olè, kò lè gba nǹkan ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọlọ́kadà tó mọ̀ ọ́n bá gbé e láìgba owó, á kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì títí wọn á fi débi tó ń lọ, kí wọ́n lè jẹ́ ọgbọọgba. Bí Àdìó, tó ti di oníṣẹ́ táìsì gidi, bá wá bá a pọn omi, á lé e: "Mi ò rà ọ́ kí o lè máa san án padà!" Bí Nùsírátù bá bu èènì sórí ohun tó rà, á yọ èènì náà, á dá a padà sínú igbá. Ọjọ́ kan ló sú Nùsírátù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín. Jésù tí ẹ ní ó rà yín yìí, ṣé ẹ ti san tiẹ̀ padà fún un ni?"

"Ta ló lè san án?"

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ṣe èènì mi?"

Tíṣà mú ohun tó rà, ó sì lọ sílé. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni á borí rẹ̀ nínú iyàn. Ṣùgbọ́n kò mú èènì náà.

Ìgbà tó yá, àìsàn dé. Ara rẹ̀ funfun, kò lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi. Nùsírátù àti Pásítọ̀ gbé e lọ sí ọ̀sibítù, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ ti tán lára Màmá, àfi kí àwọn fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Wọ́n so àpò pupa kan kọ́ sókè orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Tíṣà wò ó. Ó pe nọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni èyí?"

"A ò mọ̀, mà. Ẹnìkan wá fi sílẹ̀ ni."

"Pè é wá."

"Màmá, ó ti lọ tipẹ́. Kò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Mo fẹ́ fún un ní nǹkan. Kí ló fẹ́?"

"Kò bèèrè nǹkan kan, mà."

"Kò sẹ́ni tí kì í bèèrè nǹkan kan!"

Nọ́ọ̀sì náà ti rí oríṣiríṣi aláìsàn. Ó tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe, ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà jẹ́ kó wọlé."

Tíṣà kò rí ẹni tó máa bá nájà. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń kán títí àpò náà fi gbẹ. Nùsírátù, tó jókòó tì í, rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní rárá. Ó ní, "Látọjọ́ tí àwọn akéwì yẹn ti ń sọ ọ́ fún mi, èmi rò pé ewì lásán ni."

Wọ́n gbé e padà wálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Nùsírátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó ti múra ìjà sílẹ̀. Ó ti mọ gbogbo ohun tí òun máa sọ bí Màmá bá ní òun kò gbà. Tíṣà gba abọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbójú sókè wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "O ṣé, Nùsírátù."

Nùsírátù dúró. Ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ẹ̀rù bà á. Ó ju ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré gba ojú títì lọ sí ilé Pásítọ̀, ó ń ké: "Pásítọ̀, ẹ gbà mí o! Màmá fẹ́ kú! Wọ́n ní o ṣé, wọn ò sì ná an!"

Pásítọ̀ gbé òróró, kò rántí wọ bàtà. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé, wọ́n bá Tíṣà níbi tó ti ń fi ìka lá abọ́. Ó wo ẹsẹ̀ Pásítọ̀ lásán, ó wo òróró, ó ní, "Ẹ̀kọ yìí ò ní ṣúgà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹ máa gbàdúrà sí."

Ó lo oṣù bíi mélòó kan sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé oṣù wọ̀nyẹn ló sinmi jù láyé rẹ̀. Àdìó pọn omi, ó jẹ́ kó pọn ọ́n. Àwọn ọmọ tó ti kọ́ fi nǹkan ránṣẹ́, ó gbà á. Ó sì tún Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe, nítorí ìyẹn kò sí lára ìràpadà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó jókòó sójú oòrùn ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ibẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Pásítọ̀ Jésùtófúnmi sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kí ó bọ́ síwájú. Nùsírátù, tí kò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀, dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé.

"Mo ti bá Màmá nájà títí. Mi ò borí wọn rí. Mo ní kí wọ́n gbé tiwọn padà, wọn ò gbà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fún wọn ní díẹ̀, wọn ò gbà. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé lọ́jọ́ tí mo bá borí ìyá yẹn, màá pàgbò." Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí mo borí wọn náà, ẹ̀kọ lásán ni mo gbé wá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi bí ọmọdé. Inú mi ò dùn mọ́."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kò ní ohùn mọ́.

"Bí mo bá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe wò mí bí wọ́n bá gbà á," ni Nùsírátù wí, "ǹ bá ti gbé e wá tipẹ́."

Ó jókòó. Ìyá kan tí kò mọ̀ ọ́n rí sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, Nùsírátù sì jẹ́ kó dì í mú.